"Ẹ̀jẹ̀ Kò Tó": Orúkọ Kan fún Àìsàn Púpọ̀

Ní agbègbè wa ní Yewa, èyí tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1995, láti Ìlaròó dé Ayétòrò àti títí dé àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí ó bá ń rẹ ènìyàn ṣáá, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí ó ń mí gúlegúle bí ó bá gun òkè díẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn yóò sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ìyá àgbà ilé yóò sọ ọ́, nọ́ọ̀sì yóò sọ ọ́, ẹni tí ń ta oògùn nínú ọjà pàápàá yóò sọ ọ́ kí ó tó na ọwọ́ sí igo oògùn pupa tí ó wà lórí àtẹ rẹ̀. Gbólóhùn náà dára, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n lójú èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè Yorùbá, ó ń fi nǹkan kan pamọ́ fún wa, nǹkan náà sì lè gba ẹ̀mí aboyún, tàbí kí ó sọ ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn gaara di ẹni tí ń fi ọ̀pá tálẹ̀ kiri. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi bá mi yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni "tó". A máa ń sọ pé owó kò tó, iyọ̀ kò tó, omi kò tó. Bí omi inú àmù kò bá tó, kí a pọn sí i ni. Nítorí èyí ni ó ṣe rọrùn fún wa láti gbà pé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, a ó kàn wá nǹkan tí ó jọ ọ́, a ó sì dà á kún un. Ohun pupa ni a sì máa ń wá: a ó se pòpòrò ọkà bàbà títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, a ó rẹ ìṣápá pupa, a ó ra igo oògùn pupa. N kò sọ pé gbogbo wọn kò wúlò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe àwọ̀ pupa ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣe omi inú àmù.

Bí a bá fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, a ó rí i pé hóró wẹ́wẹ́ ni ó kún inú rẹ̀. Hóró pupa ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Inú hóró pupa yìí ni èròjà tí ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara wà. Ó kéré débi pé bí a bá to nǹkan bí 130 nínú wọn tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn kò ní ju mìlímítà kan lọ. Wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Nǹkan bí ọjọ́ 120 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò kí ó tó gbó, kí ara tó tú u ká. Nítorí náà, mùdùnmúdùn inú eegun wa kò gbọdọ̀ sinmi. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ó ń ṣe hóró tuntun tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.

Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Hóró ìyá kan ni ó ń pín sí méjì, tí méjì ń pín sí mẹ́rin, tí mẹ́rin ń pín sí mẹ́jọ. Kí hóró kan tó lè pín, ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ó wà nínú kókó rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní DNA, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Èròjà oúnjẹ méjì ni iṣẹ́ ẹ̀dà ṣíṣe yìí kò lè ṣe láìsí: ọ̀kan ni fólétì, èkejì ni fítámì B12. Fólétì ni ó ń ru ohun èlò tí a fi ń ṣe DNA wá. B12 ni ó ń tú fólétì sílẹ̀ níbi tí ó há sí kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí B12 kò bá sí, fólétì lè wà nínú ara kí ó má ṣeé lò, àfi bí owó tí ènìyàn ní ní báńkì tí ó ti tìlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá ẹlẹ́kọ kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa. Ó ti ro ẹ̀kọ rẹ̀ kún ìkòkò, ó jókòó láti pọ́n ọn. Bí ẹ̀kọ bá pọ̀ tí ewé sì pọ̀, ẹ̀kọ tí ó bá pọ́n yóò dọ́gba, iye wọn yóò sì pé. Ká ní ewé pọ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀kọ inú ìkòkò kò tó ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bù sínú ewé, ẹ̀kọ rẹ̀ yóò sì kéré. Ká tún ní ẹ̀kọ kún ìkòkò ṣùgbọ́n ewé ni kò sí. Yóò máa bu púpọ̀ sínú ewé kan, ẹ̀kọ rẹ̀ yóò rí gbàǹgbà-gbàǹgbà, òmíràn nínú wọn yóò já kí ó tó dé inú igbá, bí ó bá sì ka èyí tí ó kù, wọn kò ní tó iye tí ó yẹ kí ó gbé lọ sọ́jà. Ẹni tí irin kò tó nínú oúnjẹ rẹ̀ ni ẹlẹ́kọ tí kò ní ẹ̀kọ: hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, ó sì ṣì. Ẹni tí fólétì tàbí B12 kò tó fún ni ẹlẹ́kọ tí kò ní ewé. Hóró rẹ̀ ń wú nítorí pé inú rẹ̀ ń kún nígbà tí kókó rẹ̀ kò tí ì ṣe tán láti pín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú sínú mùdùnmúdùn kí wọ́n tó jáde, àwọn tí ó sì jáde tóbi ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ìparun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú mùdùnmúdùn yìí ni ó fà á tí ojú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi lè pọ́n díẹ̀ bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú lè pupa, kí ó máa dán, kí ata máa ta á, nítorí pé àwọn hóró ara ahọ́n náà ní láti máa pín nígbà gbogbo.

Bí a bá wá gbé igo oògùn pupa tí irin nìkan wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ewé ni kò ní, a ń ro ẹ̀kọ kún ẹ̀kọ fún un ni.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà léèrè ni pé àyẹ̀wò tí ó wọ́pọ̀ jù ní àwọn ilé ìwòsàn wa ń ṣe ohun kan náà tí gbólóhùn wa ń ṣe. PCV ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kíákíá títí hóró pupa yóò fi wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì wo ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ hóró. Ó yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì gba ẹ̀rọ ńlá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan ni ó ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a mú aboyún méjì tí PCV àwọn méjèèjì jẹ́ 24. Bí àkọ́kọ́ bá ní hóró mílíọ̀nù 4 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, tí èkejì sì ní mílíọ̀nù 2 péré, a ó rí i, bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, pé ìtóbi hóró ti àkọ́kọ́ jẹ́ 60 nígbà tí ti èkejì jẹ́ 120 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní fẹmitólítà. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ yá máa ń wà láàárín 80 sí 100. Ẹ ò rí i pé 24 kan náà ni wọ́n kọ sínú ìwé obìnrin méjèèjì, àìsàn ọ̀kan kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ti èkejì. Àyẹ̀wò tí a ti ń ka hóró, tí a sì ń wọn ìtóbi rẹ̀, ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá sí, ẹni tí ó mọṣẹ́ lè fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ náà lórí gíláàsì, yóò rí hóró pupa tí ó tóbi, tí ó rí bí ẹyin, yóò sì rí i pé kókó inú àwọn hóró funfun kan ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìṣòro kan tún wà níbẹ̀ o: bí irin àti fólétì bá jọ wọ́n lára ènìyàn kan náà, èyí tí ó ń fà á sókè àti èyí tí ó ń fà á sílẹ̀ lè mú kí ìtóbi rẹ̀ dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ìtàn bí a ṣe mọ èyí kò pẹ́ rárá. Ní 1926, George Minot àti William Murphy ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tí irú àìsàn yìí ń pa lè yè bí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran lọ́pọ̀lọpọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú George Whipple ní 1934. B12 ni ó wà nínú ẹ̀dọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọdún 1948 ni wọ́n tó yọ ọ́ sọ́tọ̀ gedegbe. Èyí tí ó kàn wá jù ni ti obìnrin dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Lucy Wills, tí ó lọ sí Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1928. Àwọn aboyún tálákà ni ó bá níbẹ̀, hóró ẹ̀jẹ̀ wọn tóbi, àìsàn náà sì ń pa wọ́n. Ó kíyè sí i pé oúnjẹ ni ó ya àwọn tí ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ sí àwọn tí kò ṣàìsàn. Ó gbé èròjà kan tí a ń yọ láti inú ìwúkàrà fún wọn, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń fi pa búrẹ́dì, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó kọ ìwé rẹ̀ jáde ní 1931. Kò mọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 1941 ni àwọn kan ní Amẹ́ríkà rí i nínú ewé ẹ̀fọ́, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ewé sọ ọ́ ní orúkọ. Fólétì nìyẹn. Ewé ẹlẹ́kọ tí mo fi ṣe àkàwé lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe àkàwé lásán mọ́!

Ohun tí Lucy Wills rí ní Bombay ni àwọn dókítà tún rí ní Ìbàdàn. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH, àwọn aboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá sì wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ mùdùnmúdùn inú eegun wọn wò, wọ́n ń bá àwọn hóró ńlá tí kókó wọn kò tíì gbó. Dókítà A. F. Fleming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Hendrickse àti Allan, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1968 lórí bí a ṣe lè dènà irú àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí lára àwọn aboyún ní Nàìjíríà. Ohun tí àwọn iṣẹ́ Ìbàdàn wọ̀nyí mú wá sí ìmọ́lẹ̀ ni pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń dá a sílẹ̀. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibà yóò wọ inú hóró pupa, yóò fọ́ wọn, mùdùnmúdùn yóò sì ní láti yára ṣe òmíràn dípò wọn. Ọmọ inú oyún náà ń dàgbà, òun náà ń pín hóró tirẹ̀ tọ̀sán-tòru, inú àpò kan náà ni ó sì ti ń mú. Fólétì tí ara ń tọ́jú pamọ́ kì í ju èyí tí yóò tó oṣù 3 sí 4 lọ fún ẹni tí ara rẹ̀ yá. Nínú ara aboyún tí ibà ń bá fínra, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, oògùn tí ń dènà ibà àti fólétì ni ó gbọdọ̀ jọ rìn.

Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń fún àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní oògùn tí wọ́n kọ "folic acid" sí lára. Hóró tiwọn kì í lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, nítorí náà mùdùnmúdùn wọn ń ṣiṣẹ́ bí ilé iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sílé, kí a wọ inú ilé ìdáná. Ẹni tí ó bá mọ Yewa mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni ó gbé ìlú dúró: láfún ní àárọ̀, ẹ̀bà ní alẹ́, bí kò bá sì jẹ́ ẹ̀gẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo ni. Mo fẹ́ràn àmàlà láfún, ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fólétì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, B12 kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ọbẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbà wá. Ewé tútù ní fólétì, ìbáà jẹ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre tàbí ewédú, Ọlọ́run sì fún wa ní gbogbo wọn lọ́pọ̀ yanturu. Báwo ni a ṣe ń se é? Ìyá àgbà mi ní Ayétòrò yóò rẹ́ ẹ̀fọ́, yóò bọ̀ ọ́ nínú omi tí ń hó, yóò fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí omi aláwọ̀ ewé yóò fi tán lára rẹ̀, yóò da omi náà sí ẹ̀yìnkùlé, yóò tún wá gbé ẹ̀fọ́ náà lé iná pẹ̀lú ata àti epo. Fólétì máa ń yọ́ sínú omi, ooru gígùn sì máa ń bà á jẹ́. Omi tí a dà sí ẹ̀yìnkùlé yẹn, ìdá tí ó pọ̀ nínú ohun tí a tìtorí rẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ ni ó bá a lọ, adìẹ ẹ̀yìnkùlé ni ó sì jèrè rẹ̀. N kò ní kí a má bọ yánrin mọ́. Ewé tí ó korò gbọdọ̀ di bíbọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò korò. Bí a bá fọ̀ wọ́n kí a tó rẹ́ wọn, tí a sì dà wọ́n sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kò sí ohun tí yóò ṣe adùn rẹ̀. Ewédú ṣe dáadáa ní tirẹ̀, nítorí pé kì í pẹ́ lórí iná, a sì ń jẹ ẹ́ tomi-tomi.

Ẹ̀wà ni mo rò pé a kò kà sí tó. Ẹ̀wà sísè tí ó wọn gíráàmù 100 ní nǹkan bíi máíkírógíráàmù 200 fólétì nínú. Àgbàlagbà kan nílò 400 lójúmọ́, aboyún nílò 600. Nítorí náà, ìyá ẹlẹ́wà ojú ọ̀nà sàn fún aboyún ju ọ̀pọ̀ igo tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ lọ.

Ti B12 yàtọ̀. Kò sí nínú ewé, kò sí nínú ẹ̀gẹ́, kò sí nínú ẹ̀wà. Ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a ti lè rí i. Ní tòótọ́, ìwọ̀nba ni ara nílò: máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́, kò tó ohun tí ojú lè rí lórí ìka. Ẹ̀dọ̀ ara wa sì lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan. Èyí ni kì í jẹ́ kí àìtó rẹ̀ tètè hàn. Àwọn Fúlàní tí wọ́n ti bá wa gbé pẹ́ ní àríwá Yewa ń gbé wàrà wá sọ́jà, ẹni tí owó ẹran kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi wàrà àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ dípò rẹ̀.

Àmọ́ ènìyàn lè máa jẹ ẹran lójoojúmọ́ kí B12 má sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1929, William Castle fi hàn pé ikùn fúnra rẹ̀ ní ohun kan tí ó ń pèsè tí yóò gba B12 mọ́ra, tí yóò sì sìn ín dé ibi tí ìfun ti máa gbà á wọlé. Bí ikùn kò bá pèsè ẹ̀ṣọ́ yìí mọ́, B12 yóò gba inú ènìyàn kọjá bí àlejò tí kò rí ẹni mú un wọlé. Lára àwọn àgbà, omi kíkan inú ikùn lè dín kù, kí ó má lè já B12 kúrò lára ẹran tí ó bá wá. Oògùn metformin, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò, lè dín gbígbà rẹ̀ kù bí wọ́n bá ti ń lò ó fún ọdún púpọ̀. Irú àwọn ènìyàn báyìí ni a máa ń fún ní abẹ́rẹ́ B12.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ti iṣan ìmọ̀lára. B12 ní iṣẹ́ kejì tí fólétì kò lè bá a ṣe: òun ni kì í jẹ́ kí ohun tí ó bo àwọn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn àti ti ẹsẹ̀ bàjẹ́. Bí ó bá wọ́n, ẹsẹ̀ yóò máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kú tipiri; ènìyàn yóò máa tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ òwú, bí iná bá sì kú lálẹ́ kò ní lè dúró dáadáa nítorí pé ojú ni ó fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Kí ni a máa ń sọ nílé wa bí bàbá ẹni bá bẹ̀rẹ̀ báyìí? A ó ní ó tẹ nǹkan. A ó wá ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ fún un. Oṣù yóò máa gorí oṣù lórí ìwádìí ta ni ọ̀tá, iṣan náà yóò sì máa bàjẹ́ lọ. Bí ó bá pẹ́ jù, abẹ́rẹ́ náà lè dá a dúró ṣùgbọ́n kò ní lè dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ibí yìí gan-an ni gbólóhùn "ẹ̀jẹ̀ kò tó" ti lè ṣe ibi. Ká ní B12 ni kò tó fún bàbá yìí, tí ẹnìkan sì lọ ra folic acid fún un láìṣe àyẹ̀wò. Fólétì púpọ̀ lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣe iṣẹ́ DNA. Hóró yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín, PCV yóò gòkè, ara yóò fúyẹ́, gbogbo ilé yóò sì máa dúpẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti tó. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ nípa ìdúpẹ́ yẹn. Yóò máa bàjẹ́ lọ ní tirẹ̀, nígbà tí ohun tí ìbá ta wá lólobó ti lọ. Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń rí sí i pé B12 kò wọ́n lára aláìsàn kí wọ́n tó fi fólétì nìkan wo ẹni tí hóró rẹ̀ tóbi.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ó kú ni B12 fà, àwa tí a ń jẹ ẹ̀gẹ́ sì gbọdọ̀ mọ èyí. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí àìsàn kan tí ń mú ẹsẹ̀ kú, tí ń ba ojú àti etí jẹ́ lára àwọn tí oró inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa ń wọ̀ lára. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán abẹ́rẹ́ B12 wò lára irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1970. Abẹ́rẹ́ náà kò mú ìyípadà tí wọ́n ń retí wá. Ní ọdún 2000 pàápàá, àwọn olùwádìí mìíràn kọ̀wé pé àìsàn náà ṣì wà ní Òṣoṣà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Rírẹ láfún sínú omi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún kí a tó sá a, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é, kì í ṣe àṣà lásán. Oró náà ni ó ń lé jáde.

Ọtí àmujù náà lè mú hóró ẹ̀jẹ̀ tóbi, àìsàn ẹ̀dọ̀ lè ṣe é, àwọn oògùn kan bíi hydroxyurea tí wọ́n fi ń tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe é pẹ̀lú, láìjẹ́ pé fítámì kankan wọ́n. Mo fẹ́ yára kọjá lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí ń lọ sí ilé ìtọ́jú aboyún. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí aboyún máa lo irin mílígíráàmù 30 sí 60 pẹ̀lú folic acid mílígíráàmù 0.4 lójoojúmọ́. Ní ilé ìtọ́jú kan náà, wọ́n tún máa ń fún un ní oògùn ibà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Fansidar. Oògùn yìí ń pa kòkòrò ibà nípa fífi fólétì dù ú. Bí aboyún bá lọ ra folic acid oní-mílígíráàmù 5 fúnra rẹ̀ lọ́jà, tí ó ń lò ó lójoojúmọ́ nítorí ó rò pé púpọ̀ ni ó dára, ó ń bọ́ kòkòrò náà ni. Mílígíráàmù 0.4 kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, tàbí kí ó fi páálí náà han nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí a tẹ ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ẹ̀kọ́ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé lórí, bí ó sì ti yẹ nìyẹn nígbà náà. Mo rò pé ó ti tó àkókò kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi irú ọ̀nà kan náà wo ọ̀rọ̀ ìlera. N kò ní kí a ju "ẹ̀jẹ̀ kò tó" nù. Kí a máa fi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé e ni. Àbá tèmi ni àìtó ẹ̀jẹ̀ oníhóró-kékeré fún ti irin, àti àìtó ẹ̀jẹ̀ oníhóró-ńlá fún ti fólétì àti B12. Bí ẹnìkan bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Láìpẹ́, ọmọ tí ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlaròó, tí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ìyá kò tó, yóò lè béèrè ní èdè abínibí rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, oníhóró-kékeré ni ẹ rí ni, àbí oníhóró-ńlá?"